Àdúà Ukáṣà: Ta Ló Gbà Á Wá?

Àdúà Ukáṣà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúà tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń kà. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Ondó, bí ó ti rí níbòmíràn, inú ìwé pẹlẹbẹ ni ó sábà máa ń wà, irú èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú tèsùbáà àti lọ́fínńdà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìtàn tó ń bá a rìn sọ pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló fi kọ́ Sàhábà rẹ̀ Ukáṣà, àti pé ẹni tó bá ń kà á, gbèsè rẹ̀ á tán, ọ̀tá kò ní rí i gbé ṣe, sàréè rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀. Ìtàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ukáṣà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ukáṣà ọmọ Mihsan ni. Ó wà lójú ogun Bádírì, ogun àwọn tó fi ẹ̀sìn sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Ànábì ni ó sì kú sí, lágbègbè Buzakha, ní ọdún 632. Ẹ̀gbàwá tó gbé orúkọ rẹ̀ ga wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Ànábì sọ pé 70,000 nínú ìjọ òun ni yóò wọ Àlùjánnà láìsí ìṣírò. Ukáṣà dìde, ó bẹ̀bẹ̀ kí òun wà lára wọn, ó sì rí i gbà. Ẹni tó tọrọ irú rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n sọ fún un pé Ukáṣà ti ṣíwájú rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sí àdúà kan tí wọ́n kọ́ Ukáṣà.

Orúkọ rẹ̀ tún wà nínú ìtàn pàṣán tí àwọn oníwàásí fẹ́ràn: pé nígbà àìsàn ikú Ànábì, Ukáṣà ní òun fẹ́ gbẹ̀san pàṣán kan tó ba òun rí, àmọ́ nígbà tí Ànábì ṣí aṣọ, ńṣe ló dì mọ́ ọn, tó fẹnu kò ó lára. Ìtàn tó ń pa ènìyàn lẹ́kún ni, èyí kò sì sọ ọ́ di òótọ́. Ibn al-Jawzi, tó kú ní 1201, kà á mọ́ irọ́ nínú ìwé rẹ̀ al-Mawdu'at, nítorí Abdul-Mun'im ọmọ Idris, tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ sí òpùrọ́, wà lára àwọn tó gbà á wá. Ibn Ishaq, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì, ti ròyìn ohun tó fara jọ ọ́ nípa Sàhábà mìíràn, Sawad ọmọ Ghaziyya, lójú ogun Bádírì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá fún Ukáṣà.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ìtàn pàṣán wò náà ni wọ́n ń yẹ àdúà wò: ta ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ta, ṣé olóòótọ́ ni, ṣé orí rẹ̀ pé láti rántí? Àdúà Ukáṣà kò tilẹ̀ dé ibi ìbéèrè kejì, torí kò sí olùgbàwá tí a lè yẹ̀ wò. Kò sí nínú ìwé hádíìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí gbogbo ayé mọ̀. Ibn al-Qayyim (ó kú ní 1350) sì kọ ọ́ sínú al-Manar al-Munif pé ẹ̀san ràbàtà lórí iṣẹ́ bíńtín wà lára àmì tí a fi ń dá hádíìsì irọ́ mọ̀. Kí ènìyàn ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé pẹlẹbẹ náà, yóò rí ẹ̀san bẹ́ẹ̀ jàn-án-ràn.

Àwọn kan á ní kí ló burú, ṣebí ọ̀rọ̀ rere ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bẹ Ọlọ́hun, ní èdè Lárúbáwá tàbí ní Yorùbá. Kí a fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu Ànábì ni ọ̀ràn, iná sì ni Ànábì fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ mọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ tó kọ́ni: nígbà tí Sàhábà rẹ̀ al-Bara' ọmọ Azib ń ka àdúà orí ìbùsùn padà fún un, tó sì fi “Òjíṣẹ́” rọ́pò “Ànábì”, ó dá a padà sórí ti àkọ́kọ́.

Ní ti mímọ ibi tí àdúà ti wá, Sàlátù Fátíhì, àdúà tí a fi ń tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yàtọ̀. Nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ ní Àsáláátù, ìpéjọpọ̀ àdúà òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn kan gbà pé hádíìsì ni. Àwọn Tijániyyà, ìjọ Súfì tó ń kà á jù, kò sọ bẹ́ẹ̀: ìwé wọn, Jawahir al-Ma'ani, èyí tí Ali Harazim kọ nípa Shaykh Ahmad al-Tijani (1737–1815), tọ́ka sí Muhammad al-Bakri, ará Íjíbítì tó gbé ayé ní nǹkan bí 900 ọdún lẹ́yìn Ànábì. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọlá tí wọ́n fún Sàlátù náà, ṣùgbọ́n ní ti orírun, ìwé wọn ṣe kedere ju ẹnu àwọn ọmọlẹ́yìn lọ.

Kí àwọn tó ń tẹ Àdúà Ukáṣà yọ orúkọ Ànábì kúrò lára rẹ̀, kí àwọn aṣáájú Àsáláátù sì bèèrè olùgbàwá kí wọ́n tó ké e sínú gbohùngbohùn. Ní ti ẹni tí gbèsè ń dà láàmú, àdúà wà fún un tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀: Sàhábà Anas ọmọ Malik gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì léraléra, ó wà nínú Bukhari, kò sì gùn ju ìlà méjì lọ.