Kí Ló Dé Tí Íméèlì Kì Í Tò Bó Ṣe Yẹ?

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ogun, kì í ṣe ti ọba. Ìtàn íméèlì ni. Ẹ má tíì pa fóònù yín, torí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan.

Ẹ ti rí i rí, àbí? Ẹ ní kí íméèlì to lẹ́tà yín láti orí tuntun dórí ti àtijọ́, ẹ wá rí lẹ́tà àná láàárín ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lórí fóònù, ó wà lókè. Lórí kọ̀ǹpútà, ó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ápù ti bàjẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un gbà sórí fóònù, dátà á jó, nǹkan kan ò ní yí padà.

Ní 1971, Ray Tomlinson ní Amẹ́ríkà fi íméèlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ARPANET. Òun náà ló mú àmì @ wá sínú àdírẹ́sì. Kò sí ọ̀rọ̀ títò nígbà yẹn. Bí lẹ́tà bá ti dé, á lẹ̀ mọ́ ìdí èyí tó ti wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ fáìlì gígùn kan. Ní 1972, Larry Roberts, ọ̀gá ọ́fíìsì ARPA tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, kọ ètò kékeré kan tó ń jẹ́ RD, tó ń to orúkọ lẹ́tà sílẹ̀ kí èèyàn lè mú èyí tó wù ú kà. Ọ̀gá ló rí ìyà lẹ́tà pípọ̀, ọ̀gá ló wá nǹkan ṣe sí i.

Kí lẹ́tà tó lè tò, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ lára. RFC 822, ìlànà tó jáde ní 1982, sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo lẹ́tà ní ìlà Date. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ta ló ń kọ ọjọ́ yẹn? Ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni, pẹ̀lú aago kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó dà bí lẹ́tà ayé àwọn bàbá wa: ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé yàtọ̀ sí èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù ní òǹtẹ̀. Íméèlì náà ní òǹtẹ̀. Sáfà kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá á fi ìlà Received tirẹ̀ sórí i. Mark Crispin wá bẹ̀rẹ̀ IMAP ní 1986, nínú èyí tí sáfà tún ní ọjọ́ tó fi ń rántí ìgbà tí lẹ́tà dé. Nítorí náà, bí ápù kan bá ń fi ọjọ́ ìkọ̀wé tò, tí èkejì ń fi ọjọ́ tí lẹ́tà dé tò, àwọn méjèèjì ò purọ́.

RFC 822 tún ní kí wọ́n fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún. Ẹ ti mọ bó ṣe rí nígbà tí 2000 dé: àwọn ètò kan kọ 100. Ní 2001, RFC 2822 ní tí ẹ bá rí 00 sí 49, ẹ fi 2000 kún un. Tó bá jẹ́ 50 sí 99, tàbí nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ fi 1900 kún un. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, òfin tó ń bo àṣírí àṣìṣe.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo wí yẹn, bátìrì kékeré tó ń gbé aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú, ọwọ́ ló fi ń tún ọjọ́ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó fi oṣù kẹjọ síbẹ̀ dípò oṣù kẹwàá, ó sì fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi àdírẹ́sì òun wá a, ni wọ́n bá bá a lábẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà. Wọ́n fẹ́ ní ó ti pẹ́ kó tó kọ ọ́ tàbí pé ó ti yá jù. Ìlà Received ló gbà á sílẹ̀, torí ọjọ́ òdodo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ nìkan kọ́ o. Ẹ fi orúkọ ẹni tó kọ̀wé tò ó, ẹ ó rí i pé ó kan àwa Yorùbá gan-an. Kọ̀ǹpútà ò mọ A, B, D. Nọ́ńbà ló mọ̀. ASCII, tó kọ́kọ́ jáde ní 1963, fún A ní 65, Z ní 90. Kò sí ẹ, ọ, ṣ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bíbélì Yorùbá ti 1884 ti lò wọ́n. Unicode ló wá fún Ṣ ní 7778, ni Ṣọlá bá bọ́ sẹ́yìn Zainab.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti kọ Ṣ. Kíbọọ̀dù kan á lo 7778 nìkan. Òmíràn á kọ S lásán, 83, á wá fi àmì abẹ́ rẹ̀, 803, tẹ̀lé e. Lójú wa, bákan náà ni. Lójú ètò tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan, Ṣọlá kan wà ní òpin àwọn S, èkejì wà lẹ́yìn Z. Unicode ti ní ìtò Yorùbá nílẹ̀ nínú CLDR, tó fi ẹ sẹ́yìn e, gb sẹ́yìn g, ṣ sẹ́yìn s. Ọ̀pọ̀ ètò kì í béèrè rẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà tán.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fóònù máa fúnra rẹ̀ mú aago láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá kó lẹ́tà láti àdírẹ́sì kan sí òmíràn, tí gbogbo rẹ̀ wá ń gbé ọjọ́ tí ẹ kó o, ẹ yí ìtò padà sí ọjọ́ ìkọ̀wé. Tó bá sì jẹ́ orúkọ Ṣọlá lẹ ń wá, tí ẹ rí díẹ̀ lábẹ́ S, ẹ lọ wo ẹ̀yìn Z fún ìyókù.