Awuyewuye Láàrin Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Lórí Àkọsílẹ̀ Ìgbóná Ayé, 1938 sí 2014

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe yìí kò sọ bí òtítọ́ ṣe ń rìn kí ó tó bá irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ojú àwọn tó ń wá òtítọ́ máa ń rí lójú ọ̀nà. Ìtàn bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe wọn ìgbóná ayé, tí wọ́n sì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n wọ̀n, fi èyí hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé kò yẹ kí àríyànjiyàn wà nínú sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbọ́ pé onímọ̀ kan bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń rò: yálà pé ẹnì kan ń purọ́, tàbí pé kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí yẹ mélòó kan nínú awuyewuye náà wò láti fi hàn pé èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìdí tí a fi gba ohun tí ìwé wí gbọ́, olùkọ́ ni yóò dá a lóhùn.

Bí a Ṣe Ń Mọ Ìwọ̀n Ooru Ayé

Kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí a lè fi sí ayé lẹ́nu bí a ti ń fi í sí aláìsàn lẹ́nu láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ jọ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùdó tí wọ́n ti ń wọn ooru, lórí ilẹ̀ àti lórí òkun. Ìgbóná ibùdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi wé ìpíndọ́gba ti ibùdó náà fúnra rẹ̀ fún sáà ọdún kan tí wọ́n yàn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan fún gbogbo ayé.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Wọ́n lè ṣí ibùdó kan nípò kúrò láàrin ìlú lọ sí pápá. Wọ́n lè yí àkókò tí wọ́n ń ka òṣùwọ̀n padà láti ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀. Ìlú sì lè dàgbà yí ibùdó ká, kí ilé àti ọ̀dà ojú títì mú ibẹ̀ gbóná ju ìgbèríko lọ. Lórí òkun, korobá ni àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ fi ń fa omi tí wọ́n ń wọ̀n, omi inú korobá a sì máa tutù díẹ̀ kí wọ́n tó ka òṣùwọ̀n. Nígbà tó yá, omi tó ń wọ inú ẹ̀rọ ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Bí wọn kò bá ṣe àtúnṣe sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyípadà ọ̀nà ìwọ̀n ni wọn yóò máa pè ní ìyípadà ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní etí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ àtúnṣe a máa dún bí èrú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá pa ilẹ̀ àti òkun pọ̀, ńṣe ni àtúnṣe wọ̀nyí dín ìgbóná tí àkọsílẹ̀ fi hàn láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún kù. Wọn kò fi kún un.

Callendar àti Àwọn Àgbà Onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Guy Stewart Callendar kì í ṣe onímọ̀ ojú ọjọ́ nípa iṣẹ́ òòjọ́, ẹnjiníà ni. Ní ọdún 1938, ó gbé iṣẹ́ ìwádìí kan síwájú Royal Meteorological Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ibùdó 147 jọ, ó sì ṣe ìṣirò wọn láìsí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ohun tó sọ ni pé ilẹ̀ ayé ti gbóná sí i ní nǹkan bí 0.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius láàrin àádọ́ta ọdún, àti pé gáàsì carbon dioxide tó ń jáde láti ara èédú àti epo tí ènìyàn ń jó wà lára ohun tó fà á.

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ kò tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ náà. Sir George Simpson, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1920 sí 1938, rò pé bí gáàsì náà àti ìgbóná ṣe jọ ń pọ̀ sí i kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Àtakò wọn kì í ṣe ti àrankàn. Ìbéèrè tó bófin iṣẹ́ mu ni wọ́n bi í, Callendar náà sì ti ronú lórí ooru ìlú ńlá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 sí 1970, ìgbóná ayé dẹwọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2013, Ed Hawkins àti Phil Jones fi ìṣirò rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ òde òní, wọ́n sì rí i pé méjèèjì bára mu dáadáa.

Àríyànjiyàn Lórí Sátẹ́láìtì

Awuyewuye kejì ti òkè wá. Láti ìparí ọdún 1978 ni sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń wọn ìtànṣán tó ń jáde láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí a lè fi mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀. Ní ọdún 1990, Roy Spencer àti John Christy gbé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọn kò rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbóná lọ́nà tó hàn gbangba. Ní gbogbo àwọn ọdún 1990, àwọn tó ń tako ọ̀rọ̀ ìgbóná ayé mú àkọsílẹ̀ yìí bí ẹ̀rí pàtàkì.

Àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní ọdún 1998, Frank Wentz àti Matthias Schabel fi hàn pé sátẹ́láìtì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn, èyí sì ń mú kí afẹ́fẹ́ dà bí ẹni pé ó ń tutù. Ní ọdún 2005, Carl Mears àti Wentz tún rí àṣìṣe mìíràn. Wákàtí tí sátẹ́láìtì ń kọjá lórí ibì kan máa ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Spencer àti Christy ti ṣe àtúnṣe fún un, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n ti fi kún un ni wọ́n ti yọ kúrò. Àwọn méjèèjì gba àṣìṣe náà, wọ́n sì tún ìṣirò wọn ṣe: ìgbóná tó jẹ́ nǹkan bí 0.09 fún ọdún mẹ́wàá di nǹkan bí 0.12. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde, Christy sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìròyìn náà sọ pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin sátẹ́láìtì àti òṣùwọ̀n orí ilẹ̀ ti kúrò bí a bá wo gbogbo ayé lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè ṣì wà lórí ilẹ̀ olóoru.

Gíráàfù Ẹgbẹ̀rún Ọdún

Awuyewuye kẹta dá lórí ayé ìgbà tí kò ì tíì sí òṣùwọ̀n ooru. Michael Mann, Raymond Bradley àti Malcolm Hughes lo òrùka inú igi, omi dídì ayébáyé àti iyùn inú òkun láti fojú bu ìwọ̀n ooru ìgbà àtijọ́. Iṣẹ́ wọn ti 1998 padà sẹ́yìn dé ọdún 1400; èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1999 dé ẹgbẹ̀rún ọdún. Gíráàfù náà tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́, ó sì gòkè fíofío ní ọ̀rúndún ogún, débi pé wọ́n fi wé ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá họ́kì. Ìgbìmọ̀ IPCC gbé e síwájú gan-an nínú ìròyìn wọn ti 2001.

Stephen McIntyre, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ nínú okòwò ìwakùsà, àti Ross McKitrick, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tako ìṣirò náà ní 2003 àti 2005. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é lè mú kí ìrísí ọ̀pá họ́kì jáde níbi tí kò sí. Ní ọdún 2005, Joe Barton, alága ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí àwọn olùwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àti ìròyìn owó ìwádìí wọn wá. Sherwood Boehlert, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, ní ìhàlẹ̀ ni èyí, ó sì ní kí àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìgbìmọ̀ tí Gerald North darí ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2006. Wọ́n gbà pé àbùkù wà nínú ọ̀nà ìṣirò náà, ṣùgbọ́n pé kò yí àbájáde padà púpọ̀. Wọ́n ní ó dájú dáadáa pé ìparí ọ̀rúndún ogún gbóná ju irinwó ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Pé ó ṣeé gbà gbọ́ pé ó gbóná ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, àmọ́ ìdánilójú èyí kò tó ti àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ mìíràn tí Edward Wegman darí gbè sẹ́yìn àwọn alátakò lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ní 2013, àwọn onímọ̀ tó pọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ PAGES 2k lo àkọsílẹ̀ tuntun, wọ́n sì rí i pé ọdún 1971 sí 2000 gbóná ju sáà mìíràn lọ láàrin nǹkan bí 1,400 ọdún.

Ìjì Ọdún 2009

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí ìpàdé àgbáyé ní Copenhagen kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan jí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà kó ní ẹ̀ka ìwádìí ojú ọjọ́ ti Yunifásítì East Anglia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tú u síta. Phil Jones ni olórí ẹ̀ka náà. Nínú lẹ́tà kan, ó sọ ọgbọ́n tó fi bo bí àkọsílẹ̀ kan ṣe ń lọ sílẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn alátakò kígbe pé àṣírí ti tú, pé wọ́n ń bo òtútù ayé mọ́lẹ̀. Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ ni òrùka inú igi ní àwọn ibì kan, tí kò bá òṣùwọ̀n ooru mu mọ́ láti nǹkan bí 1960. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé jáde lórí ìṣòro yìí ṣáájú, ṣùgbọ́n gíráàfù tí wọ́n yà ní 1999 kò jẹ́ kí òǹwòye mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ mẹ́ta yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2010: ti ilé aṣòfin, ti Lord Oxburgh àti ti Sir Muir Russell. Wọn kò rí i pé ẹnikẹ́ni hùwà èrú. Ìgbìmọ̀ Russell ní òdodo àwọn onímọ̀ náà kò ní iyèméjì, ṣùgbọ́n ó bá wọn wí pé wọn kò ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bó ti yẹ, ó sì ní gíráàfù 1999 náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn ènìyàn kan fi ikú dẹ́rù ba Jones. Ní ọdún 2012, àwọn ọlọ́pàá Norfolk dá ìwádìí dúró láìrí ẹni tó jí àwọn lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n ní 2011, ẹ̀ka náà ti tú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ibùdó rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Alátakò Tó Wọ̀n Ọ́n Fúnra Rẹ̀

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn tí iyèméjì wọn sún dé ibi iṣẹ́. Ní 2007, McIntyre rí àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀ tí NASA ṣe fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 2000. NASA gbà á, wọ́n sì tún un ṣe. Àyípadà tó bá ti gbogbo ayé kò tó nǹkan. Anthony Watts ní kí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ya àwòrán àwọn ibùdó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò jáde ní 2011, ibùdó tó dára àti èyí tí kò dára fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń sọ ohun kan náà nípa bí ìpíndọ́gba ooru ṣe ń lọ sókè.

Richard Muller, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, náà ń ṣiyèméjì. Ní 2010 ó kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n sì ṣe gbogbo ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára owó tí wọ́n ná ti wá láti ọ̀dọ̀ àjọ Charles Koch, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àtakò ìgbóná ayé. Ní ọdún 2012, Muller kéde pé ilẹ̀ ayé ti gbóná sí i ní nǹkan bí 1.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius láàrin 250 ọdún, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló fa nǹkan bí gbogbo rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ti yí èrò padà.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ àti fún Áfíríkà

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé alátakò kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tó gbé ìṣirò tirẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, àti ẹni tó kàn ń pariwo pé wọ́n ń tàn wá. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìfipamọ́ àkọsílẹ̀ ló ba orúkọ àwọn onímọ̀ East Anglia jẹ́. Wọn kò ṣe èrú, síbẹ̀ ojú ẹlẹ́rùú ni wọ́n fi wò wọ́n.

Ẹ̀kọ́ kẹta kan ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí PAGES 2k gbé ìṣirò wọn jáde ní 2013, agbègbè méje ló wà nínú rẹ̀, Áfíríkà kò sì sí níbẹ̀ nítorí pé àkọsílẹ̀ ibẹ̀ kò tó. Ní 2014, Kevin Cowtan àti Robert Way fi hàn, nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí Callendar lọ bá ní 1938, pé àlàfo tó wà ní òpin ayé méjèèjì àti ní Áfíríkà jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín ìgbóná ẹnu ọdún wọ̀nyẹn kù. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti wọn nǹkan, ẹlòmíràn ni yóò máa fojú bù ú fún onílé.

Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé òṣùwọ̀n kan sábẹ́ igi, kí wọ́n gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n kà wọ́n lójoojúmọ́ fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Ní àárín sáà, kí wọ́n pààrọ̀ àyè wọn, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ yóò fi bára mu. Àwọn tó bá ṣe èyí yóò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin àtúnṣe àti èrú.

Ìgúnlẹ̀

Láti ọ̀dọ̀ Callendar dé ọ̀dọ̀ Muller, àwọn tó ń wọn ìgbóná ayé ṣe àṣìṣe, wọ́n bínú síra wọn, àwọn mìíràn sì fi ohun tó yẹ kí wọ́n fi hàn pamọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn tún un wọ̀n, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ń já sí: ayé ń gbóná. Ní 2024, gẹ́gẹ́ bí àjọ WMO ti kéde, ó ti fi nǹkan bí 1.55 ju ti 1850 sí 1900 lọ. Ohun tó mú àkọsílẹ̀ náà dúró ni pé ẹni tó ń ṣiyèméjì lè gba iṣẹ́ náà, kí ó tún un ṣe, kí ó sì sọ ohun tó bá rí.