Ta Ló Bá Hakeem Gbé E? Àgbéyẹ̀wò Ikọ̀ Houston, 1981 sí 1984

Ní Lálúpọn tí mo dàgbà sí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wa ń gbá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n hàn mí lórí fóònù wọn, fídíò àtijọ́ kan tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú. Wọ́n ní, "Wo ọmọ Yorùbá yìí. Òun nìkan ló gbé yunifásítì yẹn dé àṣekágbá." Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà pé ọmọ wa ni Hakeem Ọlájùwọ́n, mo sì ń fi í yangàn. Ohun tí n kò gbà ni "òun nìkan" yẹn. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 1963 ni wọ́n bí Hakeem ní Èkó. Nígbà tó wà ní Muslim Teachers College, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́, ó sì ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti di géńdé kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rárá. Ní 1980 ló lọ sí Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. 1991 ló tó fi H síwájú rẹ̀. Ó lo sáà kan láì bá wọn díje, kó tó wọ pápá ní sáà 1981 sí 1982.

Àwọn wo ló bá níbẹ̀? Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti 1956, ti kó àwọn ọmọ ìlú Houston fúnra wọn jọ: Clyde Drexler, Michael Young àti Larry Micheaux. Àlejò ni Hakeem láàárín wọn. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìpíndọ́gba àmì ayò rẹ̀ kò ju 8.3 lọ nínú ìdíje kan, síbẹ̀ Houston wà lára ikọ̀ mẹ́rin tó kù kẹ́yìn. North Carolina, tí Michael Jordan àti James Worthy ń gbá fún, ló fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ pẹ̀lú 68 sí 63. Ìyẹn ni pé kí ọmọ wa tó di ọ̀gá, ilé ti dúró.

Sáà 1982 sí 1983 ni wàhálà àríyànjiyàn wa wà. Houston borí nígbà 31, wọ́n sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta péré. Oníròyìn kan ló sọ wọ́n ní Phi Slama Jama nítorí bí wọ́n ṣe ń fò sókè rọ́ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Tí ẹ bá bi mí pé méjì wo ló bára mu jù nínú wọn, mo máa tò wọ́n báyìí.

Drexler àti Young ni mo fi sí ipò kẹta. Wọ́n dára o! Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n máa ń gbà sáré, Young sì mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa sáré lọ síwájú gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́yìn.

Hakeem àti Drexler ni mo fi sí ipò kejì, ibí ni ẹ̀gbọ́n mi sì ti máa ń pariwo. Hakeem á gbá bọ́ọ̀lù ọ̀tá dànù, Drexler á ti gbéra, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé. Òun ni fídíò gbogbo ń fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: kí ló fún Hakeem láyè láti fi ẹni tó ń ṣọ́ sílẹ̀, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹlòmíì dànù?

Micheaux ni. Nítorí náà, Hakeem àti Micheaux ni mo fi sí ipò kìíní. Mr. Mean ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, nítorí kò gbàgbàkugbà lábẹ́ àwọ̀n. Tí Hakeem bá fò sókè, Micheaux ló máa dúró ti ọ̀tá, tó máa fi ara dí wọn, tó máa ṣa bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Ẹ rántí pé nínú ìdíje NCAA nígbà yẹn, kò sí ìlà àmì ayò mẹ́ta, kò sì sí aago tó ń lé ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Nítorí èyí, abẹ́ àwọ̀n ni èrò máa ń pọ̀ sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Hakeem ló ní gíga, Micheaux ló ní agbára.

Ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, ọdún 1983, ní Albuquerque, ni ẹ̀rí mi wà. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Houston ti na Louisville 94 sí 81, Hakeem sì ju àmì ayò 21, ó ṣa bọ́ọ̀lù 22. Gbogbo ayé ló rò pé North Carolina State kò lè dúró níwájú wọn. Ṣùgbọ́n kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, Drexler ti jẹ fáwù mẹ́rin. Òun àti Micheaux, àmì ayò mẹ́rin-mẹ́rin péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Hakeem ju 20, ó ṣa bọ́ọ̀lù 18. Houston bọ́ síwájú ní ìlàjì kejì, Lewis wá ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù jẹ àkókò. Ikọ̀ tó mọ eré sá ni wọ́n ní kó máa rìn! Ayò di 52 sí 52. Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé àwọ̀n, Lorenzo Charles sì gbá a mú lójú òfurufú, ó rọ́ ọ wọlé. 54 sí 52.

Wọ́n fi Hakeem ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n ife bá North Carolina State lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa: alẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan náà ni alẹ́ tí wọ́n pàdánù.

Lẹ́yìn náà, Drexler lọ sí Portland, Micheaux parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní sáà 1983 sí 1984, Hakeem ló ṣa bọ́ọ̀lù jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, ìpíndọ́gba 13.5. Òun àti Young ló kù, ọ̀kan lábẹ́ àwọ̀n, ọ̀kan lókèèrè, Reid Gettys sì ń fi bọ́ọ̀lù bọ́ wọn. Wọ́n tún dé àṣekágbá ní Seattle. Georgetown na wọ́n 84 sí 75. Patrick Ewing ní Michael Graham, alágbára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dúró síbi tí Micheaux ti dúró lọ́dọ̀ Houston, Rickie Winslow, ọmọ ọdún kìíní ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìdáhùn kan tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù kejì, 1995, Houston Rockets fi Otis Thorpe, tó jẹ́ irú Micheaux gan-an, gba Drexler láti Portland, wọ́n sì gba ife lọ́dún yẹn, 4 sí 0 lórí Orlando Magic. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní NBA, ìlà àmì ayò mẹ́ta wà, àwọn tó ń jù láti òkèèrè sì ń fa ọ̀tá kúrò lábẹ́ àwọ̀n. Ìlànà yí padà, ẹni tó yẹ kó bá Hakeem dúró náà yí padà. Síbẹ̀, òun nìkan kọ́ ló gbà á.

Kí nìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ ogójì ọdún? Nítorí pé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa báyìí, a ní ọmọkùnrin gíga kan, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ pé, "Ẹ ṣáà máa ju bọ́ọ̀lù sí i." Ọmọ kúkúrú kan tó sanra, tó máa ń fi ara dí ọ̀nà fún un, ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú ikọ̀ nítorí kì í ju àmì ayò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Hakeem.