Àlejò Nínú Kíláàsì: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso Hòtẹ́ẹ̀lì

Bí a bá sọ fún àgbàlagbà kan nílẹ̀ wa pé àwọn kan ń lọ sí yunifásítì láti kọ́ bí a ti í gba àlejò, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Lójú tirẹ̀, ilé ni a ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní èrò yìí. Àríyànjiyàn láàárín ẹnu iṣẹ́ àti ojú ìwé kò tí ì kúrò nínú ìtàn ẹ̀kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá.

Ìlú Lausanne ní ilẹ̀ Swítsálándì ni Jacques Tschumi ti dá ilé-ẹ̀kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní ọdún 1893. Àwọn arìnrìn-àjò ń ya lu ilẹ̀ náà nítorí àwọn òkè àti adágún rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kò tó. Inú hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ni ó fi ilé-ẹ̀kọ́ náà sí. Àlejò kò jìnnà sí pátákó ìkọ̀wé.

Ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1922, Howard Meek, ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Cornell pẹ̀lú ọmọ-ẹ̀kọ́ 21. Ìṣirò owó, ìmọ̀ oúnjẹ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ́. Èyí kò tẹ́ Ellsworth Statler lọ́rùn. Ọmọdékùnrin ni Statler nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ru ẹrù àlejò, kí ó tó di oníhòtẹ́ẹ̀lì olókìkí. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà, kí ó lọ ṣe é. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ohun tí ó sọ ọ́ di ènìyàn ni ó ń gbèjà.

Àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ fúnra wọn ni ó fún un lésì. Ní ọdún 1926, wọ́n sọ ilé kan nínú ọgbà yunifásítì di hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ kan, wọ́n sì pe àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì wá ṣe àlejò. Àwọn ni ó se oúnjẹ, àwọn ni ó bù ú, àwọn ni ó gbé e ka iwájú àlejò. Statler wá sí irú rẹ̀ ní ọdún 1927, ohun tí ó rí sì yí i lọ́kàn padà. Ó kú ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n owó tí ó fi sílẹ̀ ni a fi kọ́ Statler Hall tí a ṣí ní ọdún 1950: kíláàsì àti hòtẹ́ẹ̀lì lábẹ́ òrùlé kan, àlejò tí ń sanwó, ọmọ-ẹ̀kọ́ tí ń dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. A ó pín àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ sí ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan a ní hòtẹ́ẹ̀lì àfinúrò tirẹ̀, a dá iye owó yàrá, kọ̀ǹpútà a sì fi èrè tàbí àdánù hàn. N kò fojú tín-ín-rín ọ̀nà yìí. Yàrá tí a kò rí ẹni gbà lálẹ́ yìí kò ṣe é tọ́jú di ọ̀la bí àgbàdo inú àká. Ọmọ-ẹ̀kọ́ lè rí òótọ́ yìí ní ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó dé lóru, tí ó bá a pé a ti fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sí nínú kọ̀ǹpútà.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa káàkiri ayé, íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìṣirò dé ilé ọmọ-ẹ̀kọ́ láìsí wàhálà púpọ̀. Àwọn mìíràn tí ń kọ́ oúnjẹ sísè dáná nílé ara wọn, wọ́n sì fi àwòrán ránṣẹ́. Olùkọ́ rí àwọ̀ ọbẹ̀ náà. Kò mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.