Ọpọ́n ayò

Ọpọ́n ayò ni igi gbígbẹ́ tí a fi ń ta ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀kan lára àwọn eré tí ó gbajúmọ̀ jùlọ láàárín àwọn Yorùbá. Ó ní ihò méjìlá tí a tò ní ìlà méjì, mẹ́fà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ni a ń lò, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. A ń ta ayò lábẹ́ igi àti níwájú ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, láti ìlú ńlá bí Ìbàdàn títí dé àwọn ìlú kéékèèké bí Sekona ní agbègbè Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Oware tí wọ́n ń ta ní Gánà àti warri ti erékùṣù Antigua àti Barbados jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Bí eré ṣe ń darí iṣẹ́ ọpọ́n

Ẹni tí ó kan láti ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní apá tirẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀lé e. Bí èyí tí ó jù gbẹ̀yìn bá sọ ọmọ inú ihò alátakò di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ ju ọmọ 24 lọ ni ó borí.

Nítorí náà, ihò ni ọkàn ọpọ́n. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí roboto kí ó sì dán, kí ọwọ́ lè gbá gbogbo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ihò bá ní igun, ọmọ kan lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀, ìṣirò gbogbo eré náà yóò sì dàrú. Ó tún gbọ́dọ̀ jìn tó láti gba odù, ìyẹn ọmọ púpọ̀ tí ọ̀ta ayò kó jọ sínú ihò kan, tí ó lè tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi tí a ń lò

Igi líle tí kòkòrò kì í tètè jẹ ni ó yẹ ọpọ́n. Lára wọn ni ìrókò, apá àti ọ̀gànwó. Igi ọmọ, tí a fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́ jù wọ́n lọ, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Igi tútù máa ń rọ̀ lábẹ́ irin, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá tètè gbẹ ẹ́, yóò là láti ìdí. Ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ sí ibi òjìji, kí omi ara rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìpele iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà

Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, ṣàkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin nínú iṣẹ́ ọnà igi Yorùbá. Bí a bá fi wọ́n wo ọpọ́n ayò, báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń lọ:

1. Ọ̀nà lílé: a ó fi àáké gé igi sí ìwọ̀n, a ó sì fa ìlà ibi tí ihò yóò wà.
2. Àlétúnlé: a ó gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, a ó sì mú wọn dọ́gba ní fífẹ̀ àti jíjìn.
3. Dídán: a ó fá ara igi títí tí yóò fi jọ̀lọ̀. Ewé ìpín ni a ń fi há a láyé àtijọ́. Sánpépà ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí.
4. Fínfín: a ó fín ọnà sí etí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọpọ́n kan ní ihò ńlá ní ìdí méjèèjì fún ọmọ tí a jẹ. Àwọn mìíràn pín sí méjì, a sì fi irin so wọ́n kí wọ́n lè ṣeé pa dé bí ìwé.

Ọmọ ayò

Inú èso igi ayò (Caesalpinia bonduc), igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ni ọmọ ayò ti ń wá. Àwọ̀ eérú ni ó ní, èèpo rẹ̀ le, ó sì ń dán. Kì í tètè fọ́, bí a tilẹ̀ ń jù ú sórí igi lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ igi lóde òní

Gẹdú tí à ń gé lágége ti mú kí igi àtàtà máa ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ìpàdé tí ó wáyé ní Panama, wọ́n fi àwọn ẹ̀yà igi apá àti ọ̀gànwó ti Áfíríkà sábẹ́ àdéhùn CITES, tí ó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko láàárín orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, gẹdú àti pákó wọn nílò ìwé àṣẹ kí wọ́n tó kọjá ẹnubodè. Bí igi ńlá ṣe ń dínkù, àwọn káfíńtà kan ń fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ dípò odindi igi. Ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Dídá ọpọ́n gidi mọ̀

Ọpọ́n gidi kì í mì bí a bá gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kì í ní ojú lílà ní ìdí, ihò rẹ̀ sì dọ́gba. Bí a bá da ọmọ méjìlá sínú ihò kan, wọn kò gbọdọ̀ ṣàn dànù, ọwọ́ kan sì gbọ́dọ̀ lè kó wọn tán.