Ọdẹ, Ayálégbé àti Igbó Ilé: Ìtàn Ilẹ̀ Títà ní Ẹ̀bá Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tèmi ni láti sọ ìtàn tí yóò jẹ́ ìpìlẹ̀ fún un. Kókó tí a mú dání ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà àti ilé gbígbà ní ẹ̀bá ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ejò, òkété, ọ̀yà àti awọ́nríwọ́n tí àwọn ènìyàn ń bá pàdé ní àwọn àdúgbò tuntun. Ó lè jọ pé ọ̀nà àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì jìn sí ara wọn. Àwọn tí ń ṣírò owó ilẹ̀ kì í sábà ka ejò mọ́ ọn. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ẹranko kì í sì í béèrè iye tí wọ́n ta pulọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn ìlú méjèèjì fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìbéèrè mi nìyí: ta ni ó ń kọ́kọ́ kojú ẹranko kí ilẹ̀ tó di ibùgbé, ta ni ó sì ń jẹ èrè ilẹ̀ náà nígbà tí ibẹ̀ bá dẹ̀rọ̀ tán?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà fi yé wa pé ọdẹ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, àti pé ọdẹ aperin ni wọ́n. Aálè, tí í ṣe ọmọ Tápà, ni ó pàgọ́ sí ibi tí a ń pè ní Òkè-Elérin títí di òní. Ọ̀hùnsílé wá láti Ẹdẹ, ó pàgọ́ sí Ìjẹ̀rú. Òrìṣàtólú kúrò ní Ìrẹsà nítorí ọ̀rọ̀ oyè, ó pàgọ́ sí Ìsàpá. Lẹ́yìn wọn ni Ògúnlọlá dé, tí òun àti aya rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí abẹ́ igi àjàgbọn. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Alóńgo, láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ nínú igbó, àti láti dènà àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Nígbà tí Ògúnlọlá ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó sì gé orí rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni ó bí orúkọ ìlú. Ìdílé Ògúnlọlá ni ó sì ń jẹ Ṣọ̀ún títí di ọjọ́ tí a wà yìí.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn náà. Ẹni tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu níwájú ẹranko ni ó di onílẹ̀. Kò ra ilẹ̀. Ewu tí ó fara dà ni owó tí ó san. Ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í joyè, wọ́n sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ àdúgbò lórúkọ. Erin ti kúrò ní Òkè-Elérin tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò.

Ní ti Ọ̀yọ́, ìtàn náà kọ́kọ́ gba ọ̀nà òdìkejì. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i, ogun Ìlọrin àti ìjà abẹ́lé ti tú ìlú náà ká. Ibi tí ènìyàn ti kúrò, igbó gbà á. Ẹfọ̀n, ẹtu àti ọ̀bọ di onílé ní àgbègbè tí ọba àti ìjòyè ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láyé ìjọba àmúnisìn, wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ di igbó ọba. Ní ọdún 1991, ó di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, tí ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ìlú Ọ̀yọ́ ti òní ni olú iṣẹ́ ọgbà náà wà.

Àtìbà ni ó gbé orúkọ Ọ̀yọ́ wá sí Àgọ́ Ọ̀jà. Ó kó àwọn ará ìlú kéékèèké tí ó wà nítòsí mọ́ra kí Àgọ́ lè di ìlú ńlá, ìdí sì nìyí tí orúkọ ìlú àtijọ́ bíi Akéètàn fi di orúkọ àdúgbò nínú Ọ̀yọ́. Bákan náà ni Ògbómọ̀ṣọ́ fi gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn, nítorí pé odi rẹ̀ dúró.

Odi yìí ni ó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, ó ṣàlàyé pé àwọn ìlú ńlá a máa fi odi àti yàrà yí ara wọn ká, wọn a sì máa dá igbó sí lẹ́yìn odi, èyí tí a ń pè ní igbó ilé. Ààbò ni igbó náà wà fún. Ibẹ̀ ni ará ìlú lè sá pamọ́ sí bí ọ̀tá bá ká wọn mọ́ lójijì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oko.

Nítorí ogun ni wọ́n ṣe dá igbó ilé sí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó jẹ́ ààlà láàárín ènìyàn àti ẹranko. Ènìyàn kì í gbé inú rẹ̀, ẹranko kò sì ní ìdí púpọ̀ láti jáde kúrò nínú rẹ̀ wá sí ìta gbangba. Bí ẹnìkan bá bá ejò pàdé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun ni ó lọ bá a nínú igbó.

Nínú odi, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Baálé ni ó ń pín in fún ọmọ ilé tí ó bá fẹ́ kọ́ yàrá mọ́ agbo ilé. Bí àlejò bá dé, a ó fi í lé ìjòyè kan lọ́wọ́, a ó sì fún un ní ibi tí yóò gbé. Ilẹ̀ kò ní iye lórí, nítorí pé kì í ṣe ohun tí à ń tà.

Kí ni ó wá yí ọ̀rọ̀ padà? Àlàáfíà ni ó kọ́kọ́ yí i padà. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó parí ogun Kírìjì. Ní 1893 ni àwọn ọmọ ogun tú ká. Nígbà tí ogun kò sí mọ́, odi kò níṣẹ́, igbó ilé náà kò sì ní olùgbèjà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ro ó lóko, tí odi sì ń wó.

Owó òkèèrè ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lókìkí nínú òwò lọ sí Jọ́ọ̀sì àti òkè Ọya, àti títí dé Gánà. Ẹni tí ó bá ṣe àṣeyọrí lájò, ilé tí ó kọ́ sí ìlú rẹ̀ ni ẹ̀rí: páànù rọ́pò koríko, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì yọrí láàárín agbo ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ padà wálé lẹ́ẹ̀kan náà. Agbo ilé tí ó ti kún tẹ́lẹ̀ kò lè gba gbogbo wọn. Ìta ìlú ni ọ̀pọ̀ ní láti máa wò.

Ohun kẹta ni òfin àti ilé ẹ̀kọ́. Òfin ilẹ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹbí kò dẹ́kun àti máa gé ilẹ̀ tà, pàápàá pulọ́ọ̀tì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50, tí òòró rẹ̀ sì jẹ́ 100. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ti wà láti 1896, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ ní 1977. Yunifásítì Ajayi Crowther sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ladoke Akintola bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ibi tí ó ti jẹ́ oko di àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́, bí irú èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Under G. Yàrá di ohun tí à ń fi owó ọdún kan gbà ṣáájú, ajẹ́ńtì sì dúró láàárín onílé àti ayálégbé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tí ó jìnnà sí títì, tí iná kò dé, tí odò kan sì ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀, ni owó rẹ̀ máa ń rọjú. Ta ni yóò rà á? Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, oníṣẹ́ ọwọ́, opó tí ó ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò gba yàrá níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ kò rí jájẹ. Àwọn wọ̀nyí ni yóò ṣán igbó. Àwọn ni yóò bá ejò nínú ìdì búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá sì fara dà á fún ọdún mélòó kan, tí ọ̀nà là, tí iná dé, tí ejò sì dínkù, owó ilẹ̀ àdúgbò náà yóò gòkè. Onílé yóò fi owó kún owó ilé. Ayálégbé tí kò bá lè san án yóò kẹ́rù, yóò tún lọ bẹ̀rẹ̀ ní etí igbó mìíràn.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí Aálè ṣe ní Òkè-Elérin ni ayálégbé yìí ń ṣe. Ọdẹ àtijọ́ kojú ẹranko, ó gba ilẹ̀, ó gba oyè. Ayálégbé òde òní kojú ẹranko, ó sì gba ìwé pé kí ó kó jáde. Ìyàtọ̀ tí títa ilẹ̀ mú wá nìyí, kò sì sí nínú rìsíìtì ẹnikẹ́ni.

Ewu náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé kò kà sí. Iye tí àjọ náà fojú bù ni pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ejò ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, tálákà ìgbèríko sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ejò kò wá ènìyàn wá sínú ilé. Ààtàn ni ó ń pe eku, eku ni ó ń pe ejò. Kòkòrò ń tọ iná wá lálẹ́, ọ̀pọ̀lọ́ ń tọ kòkòrò wá, ejò tí ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ilé tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, tí wọ́n ti yára fi ayálégbé sí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ohun tí ó ju alángbá lọ.

Bí ọjà yìí bá sì dẹnu kọlẹ̀, ewu kò dínkù. Ní 2016 àti 2017, ìyanṣẹ́lódì nítorí àìrówó san mú kí Yunifásítì Ladoke Akintola wà ní títì fún oṣù púpọ̀. Àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń bọ́ kò lè rí ayálégbé mìíràn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbé, koríko a bo ojúde rẹ̀, eku a sì kó wọ inú rẹ̀. Ohun tí Ọ̀yọ́ Ilé fi kọ́ wa ni pé igbó kò pẹ́ gba ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀.

Èmi kò wí pé kí ènìyàn má kọ́lé, nítorí ọmọ ènìyàn ń pọ̀ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sùn síbìkan. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kí a pa gbogbo ejò, nítorí ejò tí ó jẹ eku ṣe wá lóore. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí ilẹ̀ kan tí ó ṣófo. Ẹni tí ó ta á fún wa ta ibùgbé ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Nítorí náà, mo fi nǹkan mẹ́ta síwájú ìgbìmọ̀ wa. Èkíní, kí ẹbí tí ń gé ilẹ̀ àti àwọn awọnlẹ̀ fi etí odò àti igbó rẹ̀ sílẹ̀ láìtà, kí ó máa jẹ́ igbó ilé fún àkókò tiwa. Ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yọ́ gan-an. Kì í ṣe ìmọ̀ ni ó wọ́n wa. Èkejì, kí onílé má gba owó lórí yàrá tí ògiri rẹ̀ kò pé, tí kò sì ní ibi ìdalẹ̀sí. Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ kọ́ ọmọ pé ẹni tí ejò bù jẹ, a kì í sín in ní gbẹ́rẹ́, a kì í fa ojú ọgbẹ́ náà mu, a kì í dì í le. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà ni kí ó má ṣe mì, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí ìjọba sì rí i pé oògùn tí ń pa oró ejò wà níbẹ̀ nígbà tí a bá gbé e dé.

Òkè-Elérin gba orúkọ lọ́wọ́ ọdẹ tí ó kojú erin níbẹ̀. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ìbéèrè tí mo fi lé yín lọ́wọ́ ni pé kí ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ń kojú ejò ní àdúgbò tuntun lónìí, tí ìlú kò sì mọ orúkọ rẹ̀? Ó di ọwọ́ yín.