Ẹ ti kọ áàpù tán: ọ̀nà wo lẹ máa gbà fún àwọn èèyàn kí wọ́n lè bá yín dán an wò?

Ẹni tó kọ áàpù kọ́ ló máa ń rí gbogbo àléébù rẹ̀. Ó ti mọ bọ́tìnnì tó yẹ kóun tẹ̀, fóònù rẹ̀ dáa, íntánẹ́ẹ̀tì tó fi ń ṣiṣẹ́ sì ń sáré. Ẹ wá gbé áàpù yẹn fún ẹni tó ń lo itel tó ti pé ọdún mẹ́ta, tí dátà rẹ̀ ń ṣe ségesège nínú ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ bó ṣe rí gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kó áàpù fún àwọn èèyàn díẹ̀ dán wò kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà fi ránṣẹ́ sí wọn ṣe pàtàkì o. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kún iṣẹ́ yín, ó lè ná yín lówó tẹ́ ò ní lọ́kàn, ó sì lè kó ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jíju APK sórí WhatsApp

Èyí ló yá jù, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ ṣe fáìlì APK, ẹ jù ú sínú gúrúùpù, ó parí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ méjì tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni, kò burú. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣòro mẹ́ta wà níbẹ̀.

Èkíní, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń lo ẹ̀dà wo. Ẹ ti ṣàtúnṣe lánàá, ẹnì kan ṣì ń ṣàròyé nípa èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Èkejì, Android máa kìlọ̀ fún ẹni náà pé ibi tí fáìlì yìí ti wá kò dá òun lójú, ẹ̀yin náà á sì ní kó gbójú fo ìkìlọ̀ yẹn. Ọ̀nà yìí gan-an làwọn gbájúẹ̀ ń gbà fi áàpù ayédèrú sórí fóònù èèyàn, tí wọ́n á fi jí ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́ màmá yín pé kí wọ́n máa gba fáìlì tó bá wọlé lórí WhatsApp, ẹlòmíì ló máa jèrè ẹ̀kọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta, gbogbo áàpù Android ló ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Tí kọ́kọ́rọ́ APK tẹ́ ẹ pín bá yàtọ̀ sí èyí tí Play Store ń lò, ẹ̀dà ti Play Store kò ní lè gorí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ohun tó ti tọ́jú sínú fóònù lórí áàpù náà sì lè bá a lọ.

Ọ̀nà yìí tún ń dín kù. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, Google kéde pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdánimọ̀ ẹni tó kọ áàpù kí fóònù Android tó gbà á, kódà bí kò bá gba Play Store wọlé. Wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand lóṣù kẹsàn-án ọdún 2026, kó tó máa kárí ayé láti ọdún 2027.

Google Play

$25 ni Google ń gbà láti ṣí àkántì, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sì máa san án. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló wà fún ìdánwò. Internal testing jẹ́ ti ẹni 100 péré, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni áàpù sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Closed testing jẹ́ ti àwọn tẹ́ ẹ fúnra yín kọ ímeèlì wọn sílẹ̀ tàbí tí wọ́n wà nínú gúrúùpù yín. Open testing ni ti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.

Ibi tó ti ń dá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dúró rèé. Tó bá jẹ́ orúkọ ara yín lẹ fi ṣí àkántì lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Google ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé áàpù sí gbangba àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣe closed testing pẹ̀lú ó kéré tán èèyàn 12 fún ọjọ́ 14 láì dáwọ́ dúró. Èèyàn 20 ni tẹ́lẹ̀, ìparí ọdún 2024 ni wọ́n dín in kù. Internal testing kò sí nínú kíkà yìí o. Tẹ́ ẹ bá fi oṣù kan ṣe ìyẹn, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àkántì iléeṣẹ́ kò sí lábẹ́ òfin yìí, àmọ́ wọ́n máa béèrè nọ́ńbà D-U-N-S tó fi hàn pé iléeṣẹ́ náà wà lóòótọ́.

Tí ẹnì kan bá yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kẹwàá tí iye wọn fi já sí 11, ẹ ti há nìyẹn. Torí náà, ẹ wá èèyàn 15 tàbí 18, kẹ́ ẹ má dúró sórí 12 gééré.

Àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò, wọ́n ń ta olùdánwò 12 lórí Telegram. Ẹ ṣọ́ra. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tọrọ àyè láti gbé áàpù sí gbangba, Google máa bi yín bẹ́ ẹ ṣe rí àwọn èèyàn náà, ohun tí wọ́n sọ, àti àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe lórí rẹ̀. Ẹni tó gbowó, tó fọwọ́ sí i, tí kò sì ṣí áàpù rí, kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ padà lọ dán an wò sí i.

TestFlight, fún iPhone

TestFlight ò kọ́kọ́ jẹ́ ti Apple, ọdún 2014 ni wọ́n rà á. Lónìí, òun lọ̀nà tó rọrùn jù fún iPhone. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ áàpù lẹ máa san $99 lọ́dọọdún fún Apple. Ẹni tó ń bá yín dán an wò ò ní san nǹkan kan, kó ṣáà ti gba TestFlight sórí fóònù rẹ̀.

Èèyàn 100 tó wà nínú ikọ̀ yín lè dán an wò, àwọn ará ìta sì lè tó 10,000. Ẹ lè fi ímeèlì pè wọ́n, ẹ sì lè fún wọn ní lìǹkì. Apple máa ń yẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta, torí náà ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣèlérí. Lẹ́yìn ọjọ́ 90, ẹ̀dà náà ò ní ṣí mọ́.

Firebase App Distribution

Ti Google lèyí náà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba ti Android àti ti iPhone. Ẹ kó ímeèlì àwọn èèyàn sí i, ẹ̀dà tuntun á máa dé bá wọn, ẹ ó sì rí ẹni tó ti gbà á àti ẹni tí kò tíì gbà á. Ọjọ́ 150 ni ẹ̀dà kan máa ń lò níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ti iPhone ṣì nílò àkántì $99 yẹn, ẹ sì lè ní láti kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple. iPhone 100 péré ni wọ́n ń gbà lọ́dún kan. Èkejì, ìdánwò orí Firebase kò sí nínú èèyàn 12 tí Play Store ń béèrè.

Ẹ má gbé gbogbo ẹrù sórí orí kan

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lo HockeyApp. Microsoft tì í pa lọ́dún 2019, wọ́n ní kí wọ́n kó lọ sí App Center. Lóṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n ti App Center náà pa. Béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran: ẹ tọ́jú orúkọ àti ímeèlì àwọn olùdánwò yín, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, àti kọ́kọ́rọ́ áàpù yín sọ́wọ́ ara yín.

Ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ ń náwó

Lóṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé káwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó wọn sókè dé ìdá 50 nínú 100. Áàpù tó jẹ́ 80MB, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀dà mẹ́wàá ránṣẹ́, ó lè gba 800MB dátà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ má fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ torí àmì ìdánudúró kan. Tẹ́ ẹ bá lágbára, ẹ ra dátà fún wọn. Ìlànà App Bundle ti Play Store náà ń ṣèrànwọ́, torí ohun tí fóònù kan nílò nìkan ló máa ń kó fún un.

Bákan náà, ẹ má ní kí wọ́n fi BVN tàbí NIN wọn gangan dán áàpù tí ò tíì parí wò. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àtọwọ́dá. Òfin Nigeria Data Protection Act ti wà láti ọdún 2023, kò sì yọ áàpù ìdánwò sílẹ̀.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú?

- Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ méjì, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: APK ti tó.
- Android, àkántì orúkọ ara yín: ẹ bẹ̀rẹ̀ closed testing ní kíá, kí ọjọ́ 14 yẹn máa kà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń tún un ṣe.
- iPhone: TestFlight. Ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ fún àyẹ̀wò Apple.
- Àtúnṣe ń jáde lójoojúmọ́ lórí Android: Firebase, kẹ́ ẹ wá gbé èyí tó dúró sójú kan lọ sí Play Store.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá lò ó: irú fóònù wo ni, kí lẹ fẹ́ ṣe, ibo ló ti dá yín dúró? Ẹni tó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá yín ṣiṣẹ́ ju ẹni tó kàn kọ "ó dáa o" sínú gúrúùpù lọ.